Ọdún Tí Mo Jẹ́ Hippopotamus

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí ọmọdé kan nínú agboolé wa ní Ìjẹmọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ tí àfáà fi pè é lọ́jọ́ ìkómọ. Sìdíkátù ni orúkọ tèmi, Sìdí ni wọ́n ń gé e sí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ilé wa lọ́dún náà tí ẹ ní ẹ ń wá Sìdí, wọ́n lè sọ fún yín pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Hippopotamus ni mí. Mo sì ń fi yangàn. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mi ò sì bèèrè, nítorí mo rò pé orúkọ tó gùn tó yẹn, tí ẹnu ń rin ìrìn àjò kó tó pè é tán, kò lè jẹ́ orúkọ ohun kékeré. Ní ti pé kì í ṣe ohun kékeré, mi ò kúkú ṣìnà. Ẹni tó fún mi lórúkọ náà ni ìyàwó Bọ̀dá Mùfú, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Àǹtí Ìyàwó. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Obìnrin tó bá wá fẹ́ ọkọ nínú agboolé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá kí ìyàwó tó dé lónìí. Gbogbo ẹni tó wá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ àpọ́nlé fún olúkúlùkù: Eyínfúnjowó, Adúmáadán, Akọ́wé, Ọkọ Mi Kékeré. Àwọn ìyàwó tó ti wà nílé wa ti lo gbogbo orúkọ wọ̀nyí tán sórí àwọn bàbá wa. Nígbà tó kan àwa ọmọ, Àǹtí Ìyàwó lọ ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Ó gbé àpótí aṣọ kan àti àpótí ìwé méjì wọlé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wo àpótí ìwé, ó wo ìyàwó, ó ní, “Ṣé gbogbo èyí la ó máa jẹ?” Alárò ni Ìyá Àgbà, ó ti ń rẹ aṣọ kí wọ́n tó bí bàbá mi, aró sì ti bá ọwọ́ rẹ̀ ṣọ̀rẹ́ débi pé búlúù ni èékánná rẹ̀ máa ń rí láti ọdún dé ọdún. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà: ìpè ìrun àsùnbáà láti mọ́ṣáláṣí òpópónà, ìgbálẹ̀ lórí yanrìn, omi aró tí ń ro tótó láti ara aṣọ sínú ìkòkò, àti, bí oòrùn bá ti yọ, àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá Ìyá Àgbà fi kùmọ̀ lu aṣọ lórí ìtì igi kí ó lè dán. Gbì, gbì, gbì, gbì. Nínú ariwo yìí ni Àǹtí Ìyàwó ti ń kàwé. Ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Gbogbo ìdánwò tó kù ló ti yege, ọ̀kan ṣoṣo ló takú mọ́ ọn lọ́wọ́: Gẹ̀ẹ́sì aláfẹnusọ, níbi tí olùdánwò yóò ti na ìka sí ọ̀rọ̀ gígùn kan, tí yóò ní kí o pín in sí sílébù, kí o sì fi ohùn rẹ hàn án èyí tó wúwo jù nínú wọn. Ó ti ṣe é rí, ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi. Kò tíì pẹ́ tó dé ilé wa tí Ìyá Àgbà fi pè é jókòó níwájú ọkọ rẹ̀.

“Ìyàwó, mo gbọ́ pé ìwé wù ọ́,” Ìyá Àgbà wí. “Kò burú. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n bó bá tún kọ̀, ìsọ̀ mi wà ní ọjà Ìtòkú, ó ti ṣófo láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn mí. Wàá palẹ̀ ìwé mọ́, wàá lọ jókòó ta àdìrẹ. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà,” Àǹtí Ìyàwó wí lórí ìkúnlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fojú kéré òwò o. Àdìrẹ ló bọ́ gbogbo wa, òun ló rán bàbá mi níléèwé, òun ló san owó orí ìyàwó náà gan-an. Àmọ́ Àǹtí Ìyàwó kò lè ta nǹkan kan láyé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n rán an lọ di ìsọ̀ ẹlòmíràn mú fún wákàtí díẹ̀, oníbàárà bèèrè bóyá aró aṣọ kò ní í ṣí, Àǹtí Ìyàwó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ dáhùn pé ó lè ṣí o, kí wọ́n kọ́kọ́ fi iyọ̀ rẹ ẹ́. Oníbàárà dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí. Bó bá bu láfún fún wa, á bi wá léèrè ìdí tí ó fi funfun. Àwa ọmọ ti fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ààlà, a ò sì fẹ́ kí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé rẹ̀ sọ pé bí ènìyàn bá fẹ́ mọ iye sílébù inú ọ̀rọ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀, kó wá pe ọ̀rọ̀ náà. Iye ìgbà tí àgbọ̀n bá já lu ọwọ́, iye sílébù tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́ wa, kí a lè máa bá a dán an wò. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà ti ibi ìkíni dé, ó sì bá gbogbo ọmọ ilé lórí pèpéle, a tò bẹẹrẹ, kálukú fọwọ́ gbé àgbọ̀n, ojú wa sì le koko nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn. Ní ilé wa, ọmọ kì í fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó bá fọwọ́ lẹ́rán ń fi ọwọ́ pe ìbànújẹ́ wálé ni. Báwo ni yóò ti rí bí odidi agboolé bá fọwọ́ lẹ́rán lẹ́ẹ̀kan náà? Ìyá Àgbà sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó so ìborùn mọ́ ìbàdí.

“Yéè! Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, mà,” Àǹtí Ìyàwó dáhùn, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Agriculture ni.”

“Ọmọ ta nìyẹn? Mi è mọ̀ ọ́n!”

“Ọ̀rọ̀ ni, mà. Mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀.”

“Mẹ́rin ló kú?”

A rẹ́rìn-ín títí ikùn ń dùn wá. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá tún fọwọ́ kan àgbọ̀n nínú ilé òun, òun ó fún un ní ohun tí yóò torí ẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán. Bí wọ́n ṣe gba òṣùwọ̀n àgbọ̀n lọ́wọ́ wa nìyẹn, a sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí wọ́n ti ń lu aṣọ. Kùmọ̀ kan, sílébù kan. Àwọn ọkùnrin yẹn á lu gbì, àwa á pariwo “de”, wọ́n á lu gbì, àwa á ní “ter”, gbì, “mi”, gbì, “na”, gbì, “tion”. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kò pẹ́ tí a fi lè pín ohunkóhun. A pín ọ̀rọ̀ ara ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà. A pín ọ̀rọ̀ ara páálí ọṣẹ. Àbúrò mi kan tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà mọ̀ pé márùn-ún ló wà nínú “refrigerator”, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ kan nílé wa.

Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì, wíwá sílébù tó wúwo jù, ló ń gbé Àǹtí Ìyàwó ṣubú. Kùmọ̀ aṣọ kì í ṣègbè, bó ṣe dún ní ìṣáájú ló ń dún ní ìgbẹ̀yìn, ohùn Àǹtí Ìyàwó náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa nísinsìnyí tí èmi náà ti dàgbà. Èdè tiwa kì í rẹ́ ẹnì kankan jẹ. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, kálukú ló ní ìjókòó tirẹ̀, kálukú ló sì ń jẹun yó. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń jókòó lórí àga. Àwọn tó kù á fún mọ́ ara wọn lórí ẹní, o lè má tilẹ̀ gbọ́ ohùn wọn. Ta ni kí a gbé sórí àga? Àǹtí Ìyàwó a gbé ti àkọ́kọ́, a gbé ti ìkẹyìn, a tún gbé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ náà á sì dà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà tó tóbi jù ú lọ. Mo rí i tó ń sunkún lẹ́yìn ìkòkò aró. Ó ní èéfín ni, kò sì sí iná níbẹ̀.

Òjò ló ṣe ìrànlọ́wọ́. Gbogbo aṣọ Ìyá Àgbà wà lórí okùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Ìyàwó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Kò tíì fún wa lórúkọ nígbà náà, “ọkọ mi” lásán ló ń pe gbogbo wa, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣọ̀lẹ á ṣe bí ẹni pé ọkọ mìíràn ni wọ́n ń pè. Èmi wà lórí igi góbà ní ìpẹ̀kun ọgbà. Ojú ọ̀run ṣú lójijì. Àǹtí Ìyàwó fò dìde, ó fẹ́ ké pè mí, kò sì rí orúkọ tó tọ́ sí i láti pè. Ohun tó wà lójú ìwé ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Hip-po-PO-ta-mus! Òjò o!”

Mo ní “Mà!” Mi ò mọ ìdí tí mo fi mọ̀ pé èmi ni. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì di èjìká mi mú. Ojú rẹ̀ là bí ẹni tó rí nǹkan tó sọnù. Nígbà tí ohùn fẹ́ dé ìpẹ̀kun ọgbà, òun fúnra rẹ̀ ló mọ ibi tí yóò ti ta kìjí: “PO” kejì yẹn. Àwọn tó kù kàn tẹ̀ lé e ni.

“Ọkọ mi, jọ̀ọ́, padà sórí igi,” ó wí.

“Òjò ti ń rọ̀, mà.”

“Má dàámú. Padà sọ́hùn-ún, jẹ́ kí n tún pè ọ́.”

Mo padà, ó pè mí, mo dé. Mo tún padà. Òjò ń lù wá, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí asínwín, àwọn ọmọ tó kù sì ti jáde wá wòran. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, gbogbo aṣọ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ ti tutù rinrin, ìyàwó rẹ̀ sì dúró láàárín ọgbà, ó ń ké “Agriculture” mọ́ ewúrẹ́. Ó bínú, mi ò purọ́ fún yín. Ó bínú títí ó fi sọ̀rọ̀ kan Bọ̀dá Mùfú tó wà níbi iṣẹ́ ní Ṣágámù tí kò mọ ohunkóhun. Àmọ́ kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa ti ní orúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, tí ìyá kan náà bí, ló gba èyí tó dùn jù. Ràṣídì di PHO-to-graph. Èyí tó tẹ̀ lé e di pho-TO-gra-phy. Àbíkẹ́yìn di pho-to-GRA-phic. Àǹtí Ìyàwó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gùn sí i ni ẹrù rẹ̀ ń sún síwájú, bí àkọ́bí ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí àbúrò bá dé. Ọ̀kan nínú wa ń jẹ́ e-lec-TRI-ci-ty. Bí Àǹtí Ìyàwó bá sì ti ké pè é, àwọn ọmọ ilé kejì á dáhùn láti òkè ògiri pé “Iná ti dé o!” Òwúrọ̀ wa di ohun ìwòran. Bó bá ti ń pín ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀, á máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa dáhùn. Ẹni tó ń kọjá lọ sí Aké á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fetí sílẹ̀, á mi orí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé ta ni Ìyàwó wò tó fi sọ ọmọ òun ní pótógíráfì? Síbẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òun náà fi ń pè wá bẹ́ẹ̀. Ó gé mi sí Pótámọ́ọ̀sì. Ó lè jókòó ti ìkòkò aró kó ké “Pótámọ́ọ̀sì, gbé omi wá!” tí Àǹtí Ìyàwó á sì yọjú láti inú yàrá, á rọra ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Hip-po-PO.” Ìyá Àgbà á ní kó kúrò lójú òun.

Ràṣídì ló ba ayé mi jẹ́. Ó rí àwòrán náà nínú ìwé kan níléèwé, ó gbé e délé, ó sì ṣí i síwájú mi níbi oúnjẹ. Erinmi! Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, eyín rẹ̀ tò bí ọmọ odó. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sunkún lọ bá Àǹtí Ìyàwó. Mo ní kó gba orúkọ rẹ̀ padà, kó sọ mí ní University bí ọmọ gidi. Ó gbé mi jókòó sórí itan rẹ̀ bí mo ṣe tóbi tó.

“Bí erinmi bá wọ odò, gbogbo ẹja ló ń yà fún un,” ó wí. “Àti pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé mi, ọkọ mi, òun ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn.”

Mo nu imú mi, mo bi í pé kí ni erinmi máa ń jẹ. Ó ní koríko ni, ó sì máa ń jẹ ẹ́ púpọ̀. Mo padà síbi oúnjẹ mi.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Iléèwé kan nítòsí Aké ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, Ìyá Àgbà sì ní ìyàwó òun kì í dá rìn, kí èmi bá a gbé ike omi. Ó wúre fún un lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn àdúà, ó fi kún un pé ọjọ́ ọjà kò jìnnà o. Nígbà tí a dé ibẹ̀, Àǹtí Ìyàwó fi mí jókòó sábẹ́ fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń pè wọ́n wọlé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Má rìn kiri o. Bí mo bá pè ọ́, n kò gbọdọ̀ pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.” Kò nílò láti sọ ọ́. Òfin Ìyá Àgbà ni pé ọmọ tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ ti dé kí ẹni tó ń pè é tó pa ẹnu dé.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti abẹ́ fèrèsé. Ohùn olùdánwò nípọn, kò ní ẹ̀rín nínú. Ó dárúkọ ọ̀rọ̀ kan, Àǹtí Ìyàwó sì dáhùn bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú oorun. Sílébù rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn tún ti jókòó sórí ẹní kan náà. Olùdánwò ní kó sọ̀rọ̀ sókè. Ó dárúkọ òmíràn, ohùn Àǹtí Ìyàwó tún rẹlẹ̀ sí i. Mo ń fọkàn bẹ̀ ẹ́ pé kó ké, kó ké bíi ti ẹ̀yìnkùlé, kó ṣe bí ẹni pé òjò ń bọ̀. Mo gbọ́ bí olùdánwò ṣe ṣí ojú ìwé mìíràn, tó ní kó pe ọ̀rọ̀ tí ìka òun wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ gan-an, ohùn ilé, tó gba ojú fèrèsé jáde tí ẹyẹ fò lórí òrùlé:

“Hip-po-PO-ta-mus!”

“Mà!”

Mo ti wọlé kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo kọjá lára ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, mo gba abẹ́ apá rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ gbì síwájú Àǹtí Ìyàwó pẹ̀lú ike omi lórí. “Ẹ pè mí, mà.” Olùdánwò bọ́ awò ojú rẹ̀. Ọkùnrin dúdú gíga kan ni, fìlà rẹ̀ dúró gan-an lórí rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ta ni ìwọ?”

“Hip-po-PO-ta-mus ni mí, sà.”

Àwọn tó ń dúró de ìdánwò tiwọn níta bú sẹ́rìn-ín. Olùdánwò gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

“Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ìyàwó wa ni, sà. Òun náà ló sọ Photograph àti Photography.” Mo rò pé kí n bá a polówó ara rẹ̀ díẹ̀ sí i, mo bá pe gbogbo ọmọ ilé wa tán fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé olúkúlùkù sórí àga tó tọ́ sí i. Àǹtí Ìyàwó ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ní, “Ẹ má bínú, sà, ẹ dákun, sà, ọmọdé ni.” Olùdánwò wọ awò rẹ̀ padà, ó kọ nǹkan sínú ìwé iwájú rẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọkùnrin ẹnu ọ̀nà, láìrẹ́rìn-ín rárá, pé kó mú Hippopotamus jáde. Ó pè é dáadáa.

Ní ọ̀nà ilé, Àǹtí Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó sì tún sunkún. Ó ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á ní òun kó ẹlòmíràn wọ ibi ìdánwò. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nílé ni gbogbo ilé ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín, àwọn tó ń lu aṣọ sọ kùmọ̀ sílẹ̀, Ràṣídì ní kí n tún bí mo ṣe kúnlẹ̀ ṣe. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ó pè ọ́, o sì gbọ́ ọ láti ìta?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì jáde lọ, kò sọ ibi tó ń lọ.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò dùn. Àǹtí Ìyàwó kó ìwé rẹ̀ padà sínú àpótí. Kò pè wá mọ́. Ó ń sọ pé “Ọkọ mi, wá,” pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ilé wa sì dà bí ilé tí àwọn àlejò ti lọ. Mo máa ń lọ sórí igi góbà náà, mo máa ń dúró kó ké pè mí. Kò pè mí. Mo mọ̀ nínú ara mi pé bó bá di ti Ìtòkú, kò ní í tún ké bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé, ó sì dùn mí débi tí mo fi lè fi oúnjẹ sílẹ̀. Lónìí, bí ọmọ ọmọ mi bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan, ó kàn ń tẹ fóònù ni, obìnrin inú fóònù á sì pè é láìṣàṣìṣe. Mo máa ń fetí sí i. Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò dà bí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí èsì tó jáde, Àǹtí Ìyàwó gbé ìgbálẹ̀, ó gbé korobá, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ìyá Àgbà ti wà nídìí aró. A gba Ìtòkú lọ. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n lé òun lọ síbẹ̀, òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara òun lọ, kí òun gbá ìsọ̀ náà kí ojú òun tètè mọ́ ọn. A rìn láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n so sókè sódò, a dé ìsọ̀ Ìyá Àgbà, a sì bá a pé ó kún. Àdìrẹ wà lórí gbogbo okùn rẹ̀, obìnrin kan sì jókòó láàárín wọn tó ń fún ọmọ lọ́yàn.

“Ẹ kú àárọ̀ o. Kí lẹ fẹ́ rà?” ó wí.

“Ẹ kú ìsọ̀, mà. Ó dà bíi pé àṣìṣe wà. Ìsọ̀ ìyá ọkọ mi nìyí.”

Obìnrin náà wò ó dáadáa, ó wo ìgbálẹ̀, ó wo èmi. “Háà! Ẹ̀yin ni tíṣà! Ìyá ti fún mi ní ìsọ̀ yìí, ó ti ṣe díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ ṣe ìdánwò ni wọ́n wá. Mo ní, ‘Ìyá, ṣé ẹ ò ní í fi í sílẹ̀ de ìyàwó yín?’ Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ bẹ̀rù, tíṣà ni ìyàwó àwọn, kò ráyè Ìtòkú.”

Àǹtí Ìyàwó jókòó sórí korobá náà láàárín ọjà. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó ń sunkún tó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀ rí, obìnrin yẹn sì fi ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kó lè rí àyè bá Àǹtí Ìyàwó nu ojú. A sáré lọ sílé. Ìyá Àgbà wà nídìí ìkòkò, apá rẹ̀ méjèèjì wà nínú aró títí dé ìgúnpá. Àǹtí Ìyàwó kúnlẹ̀ síbi tí omi ti dà sílẹ̀, kò bìkítà fún aṣọ funfun tó wọ̀.

“Èsì ti jáde ni?” Ìyá Àgbà bèèrè.

“Rárá, mà. Mo dé Ìtòkú ni.”

Ìyá Àgbà yí aṣọ inú ìkòkò, ó tún un yí, ó ń wo ibòmíràn bí ẹni tí wọ́n ká ohun dáadáa mọ́ lọ́wọ́.

“Ta ló rán ọ níbẹ̀?” ó wí níkẹyìn. “Wọ́n ní kó o pè é. O pè é. Ọmọ gbọ́ ọ níta, ó sì sáré wọlé wá jẹ́ ọ. Èwo ni wọ́n tún fẹ́ gbọ́? Dìde ńbẹ̀ jàre, omi aró ni.”

Àǹtí Ìyàwó kò dìde. Ó fi orí rẹ̀ ti orúnkún Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà sì gbé ọwọ́ búlúù rẹ̀ jáde nínú ìkòkò, ó gbé e lé e léjìká, aró sì ń ro sára aṣọ funfun náà. Nígbà tí èsì dé tí wọ́n kà á pé ó yege, kò sí ẹni tó yà lẹ́nu nínú agboolé wa, àfi Àǹtí Ìyàwó fúnra rẹ̀.